Òkè Ni Omi Ti Ń Wọ Mọ́tò Yín, Ẹ Yé Da Ọ̀dà Sábẹ́ Rẹ̀

Òjò ti dé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sì tún ti dé. Kí ẹnì kan ṣáà ti sọ pé òun bá omi lórí kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò òun láàárọ̀, ìdáhùn tí wọ́n máa fún un kì í yí padà: "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti lu. Gbé e fún panel beater, kó fi ọ̀dà dúdú kùn ún lábẹ́ dáadáa, ó tán." Kò tán o. Ọ̀dà yẹn ló ń sọ mọ́tò tó kàn ń jò di mọ́tò tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹrà. Iye mọ́tò tí mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì wọn tí mo bá wọn bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lójú gbogbo wa. Mọ́tò dúró lórí sìmẹ́ǹtì, kò rìn, òjò rọ̀ lóru, ẹ ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, omi ti rogún síbi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Báwo ni omi ṣe kúrò nílẹ̀ tó fi fò wọ inú mọ́tò tí kò kúrò lójú kan? Ìgbà tí mọ́tò bá ń sáré nínú àgbàrá ni táyà lè ta omi sókè sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tó dúró sójú kan, òkè ni omi rẹ̀ ti wá. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá sì tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ò rọ̀ rárá, omi AC nìyẹn tàbí omi ràdíétọ̀. Ìsàlẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé omi òjò máa wọ inú ara rẹ̀. Wọn ò gbìyànjú láti dá gbogbo rẹ̀ dúró síta. Ọ̀nà ni wọ́n là fún un, kó gba inú irin kọjá, kó sì jáde nísàlẹ̀. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, tàbí tí ẹnì kan bá bà á jẹ́, ibi tí ẹ̀yin jókòó sí ni omi máa yà sí.

Ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń tan èèyàn jù. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni omi ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, kódà nínú mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó sì ń gba àwọn ihò kéékèèké tó wà létí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn jáde. Ọ̀rá kan wà láàárín irin ilẹ̀kùn àti páálí tí ẹ ń gbọ́wọ́ lé. Gọ́ọ̀mù dúdú tó máa ń fà lọ́wọ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yí ká. Ọ̀rá yìí ló ń dá omi padà sínú ilẹ̀kùn. Ẹ wá wo ohun tí ọ̀pọ̀ rewire máa ń ṣe bí gíláàsì kò bá gòkè mọ́: wọ́n á tú páálí, wọ́n á fa ọ̀rá ya, wọ́n á tún gíláàsì ṣe, wọ́n á dá páálí padà, wọ́n á sì ju ọ̀rá nù. Láti ọjọ́ yẹn, omi ń ta sẹ́yìn páálí, ó ń kán sórí irin ẹnu ọ̀nà, ó sì ń yọ́ wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní ìsàlẹ̀ ti lu.

Ọ̀rá nípọn tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sábẹ́ sìmẹ́ǹtì dára láti fi rọ́pò èyí tí wọ́n jù nù. Ẹ gé e bí ilẹ̀kùn ṣe rí, ẹ fi butyl tape, ìyẹn téèpù gọ́ọ̀mù dúdú tó máa ń fà lọ́wọ́, lẹ̀ ẹ́ yí ká láìfi àlàfo sílẹ̀. Etí rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: inú ihò irin ilẹ̀kùn ló gbọ́dọ̀ forí sí, kí omi lè padà sínú ilẹ̀kùn. Bó bá rọ̀ síta lásán, inú mọ́tò náà lomi máa kán sí. Sẹ́lótéèpù kò lè ṣe é, ooru oṣù Kẹta nìkan ti tó láti ṣí i. Ní ti Golf 4 àti Passat tó jáde láàárín 1998 sí 2005, kì í ṣe ọ̀rá ló wà níbẹ̀, páànù kan ni, rọ́bà sì yí i ká. Rọ́bà yẹn ló máa ń gbó.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kòtò tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà, ló kàn. Gbogbo omi tó ṣàn láti orí gíláàsì, ibẹ̀ ló ń bọ́ sí, ó sì ń gba ihò tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì jáde sẹ́yìn táyà iwájú. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi fúrúùtù tàbí igi mángòrò, ewé ti dí ihò yẹn fún un. Omi á wá kún títí dé ẹnu ibi tí fáànù AC ti ń fa afẹ́fẹ́, á sì ya wọlé sí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Lára Camry àti Corolla, sípánà 14 ni ẹ máa fi tú ọwọ́ wáípà méjèèjì, kí ẹ tó gbé ike tó bò ó kúrò. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kó ewé náà jáde. Bí ẹ bá da omi lù ú, ńṣe ni ẹ ń tì í lọ sínú ihò. Nínú Passat yẹn, abẹ́ bátìrì ni ihò náà wà, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì awakọ̀ sì ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tó ń darí gíláàsì àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sí. Bí gíláàsì bá ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó ewé kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà.

Omi AC rọrùn láti mọ̀. Lójú ọ̀rinrin Èkó, AC tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ ti kán omi sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò kó tó tó ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá kán síta, tí kápẹ́ẹ̀tì iwájú sì tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò, rọ́bà kékeré tó gba ògiri ẹ́ńjìnnì jáde ló ti dí. Ẹ bọ́ sábẹ́, ẹ fi wáyà rírọ̀ ro ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má gún un jìnnà. Bí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń ta sánsán dídùn kan, tí gíláàsì sì ń ṣú láti inú, omi ràdíétọ̀ ló ń jò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.

Mọ́tò tó ní sunroof, ìyẹn fèrèsé orí òrùlé, ní rọ́bà mẹ́rin tí omi ń gbà jáde ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, èyí tó wà níwájú gba inú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú sọ̀kalẹ̀, tẹ̀yìn gba òpó ẹ̀yìn. Ẹ rọra da ife omi kan sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ó jáde sílẹ̀. Èyí tí kò bá jáde, okùn ìpẹja tó nípọn ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́. Ẹ má gbà fún fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Rọ́bà yẹn lè fà yọ nínú òpó níbi tójú ò tó o, gbogbo òrùlé ni wọ́n sì máa tú kí wọ́n tó dá a padà.

Ti búùtù kì í le: rọ́bà ẹ̀yìn iná, rọ́bà ẹnu búùtù, rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ́ríàlì. Omi wọn máa ń gbárajọ sí kòtò spare táyà.

Ẹ ò wá rí i pé kò sí èyí tí ọ̀dà abẹ́ mọ́tò lè dá dúró nínú gbogbo wọn? Ohun tó burú jù ni ohun tí ọ̀dà náà ń ṣe. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Fóòmù wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Òkè kápẹ́ẹ̀tì á ti gbẹ, ẹ ó rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ni fóòmù ṣì ń fi omi pa irin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé níbẹ̀, ìpẹtà kò béèrè ju ìyẹn lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé pẹ́ńtì ti wú nínú, ó ti ń ṣí bí èèpo, nígbà tí abẹ́ irin kan náà ṣì ń dán pẹ̀lú ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Ìgbà tí ihò bá hàn lábẹ́, ìparí iṣẹ́ ìpẹtà nìyẹn.

Irin oníhò inú tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ kọjá bí ẹ bá ń wọlé, ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀ tí omi inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà kì í wo ihò. Ó kùn ún kọjá, ó dí gbogbo rẹ̀, omi sì wà nínú irin láti ìgbà òjò títí di ọyẹ́. Irin yẹn sì wà lára ohun tó gbé mọ́tò dúró.

Ọ̀pọ̀ Tòkunbọ̀ tó gba Kùtọ̀nù wọlé, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín ni wọ́n ti rìn tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ náà ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ irin wọn, ó sì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé e lórí láìfi omi fọ̀ ọ́ jáde, láìgbẹ, ìpẹtà ló bò mọ́lẹ̀. Ti pé àwọn kan ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú dípò ọ̀dà, ọ́ìlì yẹn ń ba rọ́bà abẹ́ mọ́tò jẹ́, ó sì lè gbiná lára sàlẹ́ńsà. Mi ò ní fi àyè ṣòfò lórí rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kùn ún, kò sì jò mọ́." Nínú oṣù wo ló kùn ún? Bó bá jẹ́ oṣù Kọkànlá, kí lẹ retí pé kó jò?

Ẹ̀yin méjì lẹ máa ṣe àyẹ̀wò tòótọ́. Ẹ tú ìjókòó iwájú, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ tú páálí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí wáyà yẹ́lò lábẹ́ ìjókòó, ti airbag ni: ẹ yọ orí bátìrì, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wọ́n páúdà ọmọdé sórí irin, ojú ọ̀nà tí omi bá gbà á hàn lára rẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kejì á máa da omi hóòsì tí kò le. Ìsàlẹ̀ gíláàsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójú kan, kí ẹ tó máa gòkè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, omi á ṣàn kọjá ibi gbogbo, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò kò dára fún èyí, torí ó máa ń fipá wọ ibi tí rọ́bà rẹ̀ ṣì dára.

Bí gíláàsì iwájú ló ń jò, urethane tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́tò ni kí wọ́n lò. Silicone tó ń rùn bí ọtí kíkan ní ásíìdì nínú, ó ń jẹ irin, pẹ́ńtì kì í sì í mú lórí rẹ̀.

Omi dúró tán ni a tó ń sọ̀rọ̀ ìpẹtà. Ẹ sá kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tọ̀tún-tòsì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí irin á fi hàn, ẹ fi sáńpépà 80 kọjá lórí rẹ̀, ẹ fi oògùn tó ní phosphoric acid pa èyí tó kù nínú ojú irin, ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ara agolo ṣe wí. Epoxy primer, ìyẹn pẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó ń di irin mú, ló kàn, lẹ́yìn náà seam sealer, gọ́ọ̀mù tó ń dí àlàfo, sí ojú ìpàdé páànù, kí ẹ tó kun pẹ́ńtì. Ibi tó bá ti lu, kí wẹ́dà gé e títí dé ibi tí irin ti le, kó sì jó páànù tó nípọn tó 1 mm mọ́ ọn. MIG, ìyẹn ẹ̀rọ wẹ́dà oníná tó ń fa wáyà jáde fúnra rẹ̀, dára ju gáàsì lọ, torí ooru gáàsì ń yí páànù po. Kí wọ́n kó wáyà àti páìpù epo kúrò nítòsí kí wọ́n tó tanná. Iná wẹ́dà á ti jó pẹ́ńtì ẹ̀yìn páànù, nítorí náà ẹ fi cavity wax, ìyẹn wáàsì tí wọ́n ń fọ́n sínú irin oníhò inú kó má baà dípẹtà, sínú rẹ̀. Body filler, ìyẹn ìpara tí panel beater fi ń dí ibi tó tẹ̀, kò dí nǹkan kan lórí ìpẹtà, ó ń fa omi mu ni.

Òótọ́ ni pé bí rọ́bà tó dí ihò ilẹ̀ mọ́tò bá já bọ́, tàbí tí irin ti lu tán, omi àgbàrá á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Rọ́bà tuntun ló ń dí tàkọ́kọ́, irin tuntun ló ń dí èkejì.

Ẹni tó bá ti kùn ún ná, ẹ fi kẹrosíìnì rẹ ọ̀dà tó wà létí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti irin abẹ́ rẹ̀, nígbà tí sàlẹ́ńsà bá ti tutù pátápátá, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á títí gbogbo ihò á fi hàn. Ẹ tì wáyà bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ páàkì síbi tó dagun, kí orí mọ́tò wà lókè, kí omi inú irin lè sun jáde, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó gba oòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó fi cavity wax sí i. Bí omi tó jáde bá ń kó páànù pélébé-pélébé bọ̀, wẹ́dà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ra wax.