Ihò Ara Igi Ilé Àtijọ́ Kì í Ṣe Ti Ọkọ̀ Ojú Omi

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ilé onígi àtijọ́ kan ní Suffolk nawọ́ sí ihò kan lára ìtì igi, ó ní ara ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni wọ́n ti tú igi náà wá. Gbogbo àlejò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri Ìlú Ọba nìyẹn, nínú ilé tí òfin ń dáàbò bò, níbi tó yẹ kí òtítọ́ ti ṣíwájú.

Ihò yẹn gan-an ló tú àṣírí. Káfíńtà ìgbà náà kì í fi ìṣó kan egungun ilé. Á gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sára igi kan, á gé orí igi kejì bí ahọ́n, á ti ahọ́n bọ ihò, á sì fi èèkàn igi oak há a. Kì í jẹ́ kí ihò èèkàn tó wà lára igi àkọ́kọ́ àti èyí tó wà lára ahọ́n bára dọ́gba: á fi bíi mílímítà 3 yẹ ti ahọ́n, kí èèkàn lè fa oríkèé náà mọ́ra pinpin bó ṣe ń wọlé. Bí onílé bá wá wó ògiri tó pín yàrá lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ihò á ṣófo. Ẹ wo abẹ́ ìtì igi tó dábùú yàrá. Ihò tó tò tẹ̀léra pẹ̀lú àlàfo tó dọ́gba, ògiri ló dúró síbẹ̀. Ihò róbótó kéékèèké láàárín wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ki ọ̀pá tí wọ́n rẹ́ amọ̀ mọ́ bọ̀. Èyí tó dúró lórí igun rẹ̀ bíi dáyámọ́ńdì, ọ̀pá fèrèsé ló wà níbẹ̀ nígbà tí mẹ̀kúnnù kò tíì ní gíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni àmì. Inú ọgbà káfíńtà ni wọ́n ti máa ń to egungun ilé pọ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n á fín nọ́ńbà Róòmù sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tú u, wọ́n á kó o lọ síbi tí ilé máa wà. Igi tó ní III ń wá ẹnì kejì rẹ̀ tó ní III. Àmì tó bára mu bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ilé yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ oríkèé náà fún.

Igi tútù ni wọ́n ń lò, torí oak tó ti gbẹ le ju ohun tí àáké lè tètè gé lọ. Orí ilé ló ti ń gbẹ, ibẹ̀ ló ti ń wọ́, tó ń là: wíwọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ti ọkọ̀. Òrùka inú igi ló ń sọ ọdún tí wọ́n gé e. Ilé Bayleaf láti Chiddingstone ní Kent, tó wà ní ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé Weald and Downland ní Sussex báyìí, apá tó dàgbà jù níbẹ̀ jẹ́ ti nǹkan bí 1405 sí 1430. Igi abà Barley Barn ní Cressing Temple ní Essex ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá.

Egungun ìhà ọkọ̀ máa ń tẹ̀ síhìn-ín, ó tún máa ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, ihò èèkàn pátákó á kún un, irin á sì ti sọ oak rẹ̀ di dúdú. Igi ńlá tó tẹ̀ nínú ilé, ọ̀nà kan ṣoṣo ló tẹ̀ sí. Wọ́n sábà máa ń la igi kan sí méjì ni, ìdí tí apá ọ̀tún fi jọ ti òsì bí òjìji inú dígí.

“Bàbá àgbà ló sọ ọ́” kò tó ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lo igi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n láti ara ilé sí ilé ló pọ̀ jù. Mo gbà pé ọkọ̀ ló di ilé ọlọ Chesapeake Mill ní Wickham, Hampshire, àti ṣọ́ọ̀bù Liberty ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n fi igi ọkọ̀ ogun HMS Impregnable àti HMS Hindustan kọ́. Ọdún 1820 ni ti ilé ọlọ, 1924 ni ti ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó ń bí mi nínú ni onílé tó ń fi sìmẹ́ńtì dí “ihò ọkọ̀”. Sìmẹ́ńtì á sé omi mọ́nú, oak á jẹrà láti inú, ipò ògiri àtijọ́ á sì parẹ́. Ẹni tó bá yí ohun tó mú ilé tí òfin ń dáàbò bò ṣe pàtàkì padà láìgbàṣẹ ti rú òfin. Ẹ fi ihò sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ara igi, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, àmì káfíńtà á yọ.