Gèlè Bo Òkun Lójú

Àwọn àgbà ní òkun kì í kún kó bo ẹja lójú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọn ò kàn mọ̀ pé gèlè lè fẹ̀ débi tí yóò bo òkun fúnra rẹ̀ lójú. Èmi rí i ní Margate, ìlú etí òkun kan ní England, ní Bank Holiday (ọjọ́ ìsinmi ìjọba) oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àrùn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí Bank Holiday bá dé ní Lọ́ńdọ̀nù, inú họ́ọ̀lù la máa ń wà. Ẹnìkan ń ṣe ọgọ́ta ọdún, ẹnìkan ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ọdún kẹwàá, à ń náwó fún onílù, à ń gba ike lọ sílé. Ó yé gbogbo wa. Nísinsìnyí, ẹni tí kò bá tíì gbé fọ́tò etí òkun síta kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣe é nílé. Southend la ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò jìnnà sí àwọn ará wa tó kún Essex, afárá rẹ̀ sì wọ inú omi ju kìlómítà méjì lọ, débi pé ọkọ̀ ojú irin ń ná orí rẹ̀. Ìgbà tí tajá-tẹran ti ya fọ́tò tán lórí afárá yẹn, àwọn gbajúmọ̀ sún lọ sí Brighton. Kò pẹ́, ẹnìkan gbọ́ pé Margate, lápá Kent, ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ń lọ báyìí. Láti ọjọ́ náà, bí o bá fi fọ́tò Southend síta, wọ́n á kí ọ bí ẹni tó ṣì ń lo fóònù oníbọ́tìnnì.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kàndínlógójì la wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago mẹ́fà ni wọ́n ní ká pàdé. Ó kọjá mẹ́sàn-án ká tó gbéra, nítorí kúlà mọ́ínmọ́ín kan tó ń bọ̀ láti Abbey Wood. Aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́ léèsì búlúù àti gèlè aláwọ̀ wúrà. Mo wọ tèmi náà o, ẹ má rò pé mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Léèsì, lórí yanrìn, pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀! Ìgbà tí ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì rì lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ilẹ̀ ìlú yìí kò lọ́wọ̀.

Ibi tí a kọ́kọ́ yà sí ni Turner Contemporary, ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní 2011, tí David Chipperfield ya àwòrán ilé rẹ̀. Orí ilẹ̀ tí ilé opó kan wà rí, Ìyáàfin Booth, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọ̀dọ̀ opó yìí ni Turner, ayàwòrán ńlá nì, máa ń dé sí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run Margate ló ń fà á wá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n opó náà bá a lọ gbé ní Chelsea níkẹyìn, nítorí náà ẹ má da gbogbo rẹ̀ sọ́rùn ojú ọ̀run.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé níbẹ̀, èyí gan-an ló sì bà á jẹ́ lójú àwọn ará wa. Ohun tí a kò sanwó fún, báwo la ṣe fẹ́ fi yangàn? Fèrèsé gàgàrà kan wà tó kọjú sí òkun; gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i, wọ́n na fóònù sókè. Mo ní kí n là wọ́n lóye. Mo sọ fún wọn pé ní 2016, Yinka Shonibare, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó dàgbà ní Èkó, gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá síbí: ènìyàn méjì tí orí wọn jẹ́ àwòrán ayé róbótó, wọ́n jókòó sórí jáńgílófà, ańkárá ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá Ìbejì ronú díẹ̀. Ó ní, “Èló ni wọ́n ń ta ọ̀pá kan rẹ̀?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ju àlàyé mi lọ. Àwọn oníṣòwò Holland ló wo aṣọ àwọn ará Indonesia ṣe ańkárá, tí wọ́n tà á fún wa, tí a fi ń pe ara wa ní ọmọ ìbílẹ̀. Ta ló ń tà, ta ló ń rà, ohun tí Shonibare ń fi aṣọ yẹn bi ayé nìyẹn. Èmi gan-an, léèsì Austria ló wà lọ́rùn mi.

Kí ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá ra ilé sí Margate, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ti fún wọn lórúkọ: DFL, ìyẹn àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ àárọ̀ wọn ni kí wọ́n wẹ̀ nínú omi tútù. Wọ́n á jáde nínú ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan náà, gbogbo wọn, ó fẹ̀ bí dàńdóógó, ó sì kọjá orúnkún. Aṣọ ẹbí ni; wọn ò kàn tíì gbà. Wọ́n lo ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú adágún Walpole Bay tí wọ́n kọ́ ní 1937, wọ́n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ya fọ́tò kọfí.

A dé inú ihò kan tí wọ́n rí ní 1835, tí ẹnìkan kò mọ ẹni tó ṣe é. Ìkarahun bíi mílíọ̀nù 4.6 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ẹyọ ni, ọ̀kẹ́ 230 nìyẹn. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa gbọ́ ìṣirò náà, ó ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò ní mọ̀lẹ́bí. Ti Dreamland, ọgbà ìṣeré Margate, ò gùn: wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkọ̀ ìṣeré orí pákó níbẹ̀ ní 1920, ẹnìkan ní láti bá wọn gùn ún kó lè máa tẹ bíréèkì. Àwọn ìyá wo ibi tí gèlè yóò fò lọ, wọ́n ní rárá.

Ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ọkùnrin onírin tí Antony Gormley gbé dúró sínú omi ní 2017. Bí òkun bá fà, ẹ óò rí i. Bó bá kún, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí omi dé àyà rẹ̀, ààrẹ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: “Ọ̀gbẹ́ni, jáde níbẹ̀!” Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ya fídíò àdúrà náà. Omi bo orí ọkùnrin náà, kò mira. Ní gbogbo Margate lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan ló ń wo òkun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ òkun kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé itan adìyẹ lọ lórí ìrẹsì mi. Ó funfun bí lékeléke. Ní kékeré, èékánná funfun la máa ń tọrọ lọ́wọ́ lékeléke. Eléyìí kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

À ń padà bọ̀ nígbà tí màmá mi pè mí lórí WhatsApp láti Ìlá. Wọn ò dé etí òkun rí láyé wọn. Wọ́n ní, “Ṣé o rí òkun? Fi hàn mí, ọmọ mi.” Mo tú fóònù mi, fọ́tò 143. Gèlè, gèlè, kúlà, gèlè, èmi. Mo ní kí àwọn ará bọ́ọ̀sì bá mi wò ó. Gbogbo bọ́ọ̀sì pa rọ́rọ́, kálukú ń fi ìka fa fóònù. Ìyá Ìbejì ló rí ẹyọ kan: òkun tín-ín-rín, aláwọ̀ eérú, láàárín gèlè méjì.

Mo ní kó tètè fi ránṣẹ́, màmá ń dúró. Ó ní kí n ní sùúrù díẹ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ gé ohun eléérú yẹn kúrò, kò bá léèsì mu.