"Ìlọrin ò kúkú jìnnà mọ́": ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi àwọn oníbáálù yìí léèrè, ta ló sọ fún wọn pé Ìbàdàn ò jìnnà sí Ìlọrin? Torí tí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, tí eruku bo ojú ọ̀run tí báálù ò lè balẹ̀ n'Ílọrin, pápákọ̀ Alákìá n'Íbàdàn ni wọ́n máa dà wá sí bí ẹrù, wọ́n á ní ká máa lọ, pé Ìlọrin ò kúkú jìnnà mọ́. Mi ò bá wọn jà lórí ọyẹ́ o, awakọ̀ tí ò bá ríran kó má balẹ̀, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tá a bá balẹ̀ tán ló ń bí mi nínú.

Tẹ́ ẹ bá wò ó lórí fóònù, á ní láti pápákọ̀ òfurufú Alákìá dé t'Ìlọrin, nǹkan bíi 130 kìlómítà ni, pé báálù ò ní lò tó ìdajì wákàtí. Báálù wo? Ẹ fi hàn mí! Èmi ò rí èyí tó ń ti Ìbàdàn lọ Ìlọrin tààrà tí mo lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, àwọn ibi bí Àbújá ni wọ́n ń lọ, ìyẹn ni pé tó o bá fẹ́ fò dandan, wàá tún padà síbi tó o ti ń bọ̀.

Wọ́n á ní ká gba títì. Nǹkan bíi 160 kìlómítà ni títì yẹn, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ já Ìbàdàn kọjá ná, Ìwó Road, Òjóò, Mọ́níyà, kẹ́ ẹ tó dé Ọ̀yọ́, ibẹ̀ wá ni wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, títì àtijọ́ tóóró tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gbà, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, kòtò láàárín, tí ọ̀kan bá wá dojú dé l'Ódò Ọbà ó di kẹ́ ẹ sùn sójú ọ̀nà. Aago mélòó lèèyàn fẹ́ dé Ẹyẹnkọ́rìn, àbáwọlé Ìlọrin? Ọdún wo ni wọ́n ti ń ṣe títì yẹn ná?

Ìgbà tí wọ́n dà wá sí Alákìá kẹ́yìn, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn wà láàárín wa, ó ń bi ọmọbìnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù pé "Ọmọ mi, ṣé ẹ ní mọ́tò tó máa gbé wa?" Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, ó ní "Mama, ojú ọjọ́ ni, kò sí lọ́wọ́ wa." Ìyá tó lè bí ìyá ẹ̀! Àwọn onítáásì ìta náà ti mọ̀ pé èrò Ìlọrin la jẹ́, iye tí wọ́n pè ju ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìlọrin la sanwó sí, Ìlọrin ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdọọdún ni ọyẹ́ ń mú, kì í ṣe àlejò, kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bá onímọ́tò ṣàdéhùn sílẹ̀, kí bọ́ọ̀sì ti máa dúró dè wá l'Álákìá? Ẹ gbé wa dé Ìlọrin àbí kẹ́ ẹ dá owó wa padà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ yé ní ká lọ kọ ímeèlì!