Ta Ni Yóò Pàṣẹ Pé Kí Wọ́n Pa Ọ̀rọ̀ Rẹ́?

Wákàtí 24. Iye àkókò tí òfin NetzDG ilẹ̀ Jámánì fún àwọn iléeṣẹ́ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn ní 2018, láti yọ ọ̀rọ̀ tó tàpá sófin ní gbangba kúrò lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Nígbà náà, iléeṣẹ́ tí kò bá ṣètò bó ṣe yẹ, ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 50 owó Yúrò. Ààbò ni ìjọba ń pe irú òfin báyìí. A ò bá wọn jiyàn lórí ààbò. Ẹni tó ń dájọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé: bí ìjọba bá fẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ́, adájọ́ ló yẹ kó pàṣẹ ẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí ẹ̀rù ìtanràn ń bà.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tó ń yẹ ohun táwọn èèyàn fi sùn wò. Ọ̀kan yọ sí i: èébú burúkú sí ẹ̀yà kan. Ṣé ẹni tó gbé e síta ló ń búni, àbí òun gan-an ni wọ́n bú, tó fẹ́ kí ayé rí ohun tójú òun rí? Ṣé àwàdà ni? Ṣé òwe ni, ní èdè tí òṣìṣẹ́ náà ò gbọ́ dáadáa? Òmíràn ti tò sẹ́yìn rẹpẹtẹ. Bó bá fi í sílẹ̀ tó sì ṣì í, ọ̀gá rẹ̀ lè fowó ńlá jóná. Bó bá pa á rẹ́ tó sì ṣì í, ta ni yóò bi í? Ká sòótọ́, bó bá jẹ́ àwa la wà lórí àga yẹn, pípa rẹ́ la máa pa á rẹ́.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí a ń wò yìí, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ tẹnìkan. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ Faransé rí ewu yìí ní oṣù Kẹfà 2020, tí wọ́n fi wọ́gi lé irú gbèdéke bẹ́ẹ̀: wákàtí 24 fún ọ̀rọ̀ ìkórìíra, wákàtí kan péré bó bá jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ló ní ọ̀rọ̀ ìpániláyà ni.

Kì í ṣe pé ká fi àwọn iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ o. Òfin DSA ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láti oṣù Kejì 2024, ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì jẹ́ kó lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Èyí tó bá kọtí ikún lè san tó ìdá 6 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kárí ayé. Irú òfin bẹ́ẹ̀ la fara mọ́.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣe é fi falẹ̀. Àwòrán ìhòòhò obìnrin tí ọkùnrin tó kọ̀ sílẹ̀ gbé síta, títí ilé ẹjọ́ á fi jókòó, gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti rí i. Ìdí rèé tí a fi ní kí ìjọba tó bá fẹ́ kí nǹkan yá yan adájọ́ tí yóò máa dúró de irú ẹjọ́ yìí tọ̀sán-tòru. Ọlọ́pàá tó fẹ́ tú ilé onílé lóru ń kan ilẹ̀kùn adájọ́ gbàwé àṣẹ; mínísítà tó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rẹ́ náà lè kàn án.