Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó pa tọ́bò kẹ́ ẹ tó ra òmíràn

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, mo bẹ̀ yín, ta ló sọ fún yín pé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kan ń dédé kú? Àtàná lọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Àǹtí mi, àwọn tó ń kó ẹyin láti Ẹgbẹ́dá n'Ìbàdàn wá sí Èkó, ni wọ́n pè mí. Bọ́ọ̀sì Toyota Hiace D4D àtijọ́, oní-dísù, tí wọ́n ń lò ń rú èéfín búlúù, kò lè gun òkè mọ́, ọ́ìlì inú rẹ̀ ń gbẹ lójoojúmọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní tọ́bò ti lọ, kí wọ́n mú ₦280,000 wá kóun lọ bá wọn ra tòkúnbọ̀ míì ní Làdípọ̀. Míì o! Ṣáájú Iléyá ni wọ́n ra èyí tó wà níbẹ̀, tòkúnbọ̀ lòun náà, ẹni tó sì tà á búra pé ara ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ ni wọ́n ti tú u ní Bẹ́líjíọ̀mù. Ta ló bá a débẹ̀?

Mo ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Mo lọ bá ọkọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ tú hóòsì afẹ́fẹ́ tó wọnú tọ́bò. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo di orí irin àárín fáànù mú, mo mì í. Ó yẹ kó mì díẹ̀, ìwọ̀nba ṣín-ún. Èyí ń lù kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́ ara ilé rẹ̀, ó sì ti ha ibẹ̀ títí tí irin fi ń dán. Ọ́ìlì dúdú ti kún hóòsì. Tọ́bò kú lóòótọ́, mi ò jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo bi ọ̀gá ni pé, nígbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ ti àkọ́kọ́, ṣé ẹ já sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wò? Ó ní kí ló kan sọ́ǹpù nínú ọ̀rọ̀ tọ́bò.

Ibẹ̀ lorí mi ti gbóná. Irin àárín tọ́bò yẹn máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ bá ń sáré. Nínú irú tọ́bò yìí, orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń léfòó sí. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí tó bá dọ̀tí, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì D4D àtijọ́, 2KD àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ 1KD, mọ ibi tí àìsàn ti sábà máa ń wọlé: wáṣà bàbà kékeré tó wà lábẹ́ nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú sìlíńdà. Tí wáṣà yẹn bá ti ń jò, gáàsì iná inú sìlíńdà á sá gòkè sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, á bá ọ́ìlì pàdé níbẹ̀, á sì máa sọ ọ́ di èédú. Èédú á wọ́ lọ sínú sọ́ǹpù, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì. Tọ́bò ló máa ń kọ́kọ́ pariwo. Ẹ wá lọ ra tọ́bò míì, ẹ gbé e lé orí òùngbẹ kan náà!

A já sọ́ǹpù lójú mi. Ó ju ìdajì asẹ́ náà tó ti dí, nǹkan dúdú lẹ̀ mọ́ ọn bí èèpá ìdí ìkòkò. Àǹtí mi wò ó títí, wọ́n ní, “Ṣé ohun tó jẹ owó mi nìyí?” Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí wọ́n kúkú ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n ra èyí tó ń lo bẹntiróòlù. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wọn ra bẹntiróòlù náà, látìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní 2023? Àwọn míì á ní kí wọ́n yọ tọ́bò dànù, kí wọ́n dí páìpù ọ́ìlì rẹ̀ pa, kí ọkọ̀ máa rọra rìn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe mọ́ tọ́bò, tẹ́ ẹ bá gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín dúdú ló máa fi san án fún yín, pẹ̀lú ẹrù ẹyin lẹ́yìn.

Káátíríìjì ni mo ní kí wọ́n rà. Ìyẹn ni inú tọ́bò nìkan: irin àárín, fáànù méjèèjì àti bíárín wọn, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ìdọ́gba rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kó má baà gbọ̀n nígbà tó bá ń yí. Ìkarahun tó wà lára ọkọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lò ó padà, tí kò bá ti ha wọnú jù. Ti Àǹtí, mo fi èékánná fà á, kò kọ́ mi lọ́wọ́. ₦120,000 ni wọ́n dá lé káátíríìjì ní Géètì n'Ìbàdàn, tuntun láti Ṣáínà, a sì ná an. Kì í ṣe gbogbo ti Ṣáínà ló dáa o, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju tòkúnbọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò mọ ìyà tó ti jẹ lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra kìkì bíárín àti ríìngì kóun tò ó fún yín lábẹ́ igi, ẹ bi í pé níbo ni ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìdọ́gba wà. Hiace yìí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, tilẹ̀ rọrùn. Àwọn Prado 3.0 tí inú tọ́bò wọn ní abẹ irin tó ń ṣí tó ń padé, pẹ̀lú mọ́tò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò dá sí tiwọn.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n: wáṣà bàbà tuntun, ẹ má lo ti àná, páìpù ọ́ìlì tọ́bò tuntun, ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ fọ intákúlà tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù, nítorí ọ́ìlì tó kù sínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa mu ún kó sì máa sáré fúnra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bu ọ́ìlì sínú tọ́bò kẹ́ ẹ tó sítáàtì. Kí dírẹ́bà náà sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì lẹ́yìn eré ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì kó tó pa á. Dírẹ́bà Àǹtí ní dísù ti wọ́n jù fún ìyẹn. Àti 2022 tí lítà dísù kan ti kọjá ₦700 ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Dísù ìṣẹ́jú méjì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦280,000.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè dáhùn. Bí a ṣe ń dá sọ́ǹpù padà, ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn náà, ẹni tí mo ti ń bú, sún mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì tí tọ́bò ò rí mu, ṣé ẹ́ńjìnnì rí i mu?” Òótọ́ ló sọ. Bíárín ìdí kírankí ń bẹ lórí ọ́ìlì kan náà, ìgbà tí asẹ́ ti ń dí, ta ló mọ̀ bó ṣe pẹ́ tó. Tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì lóṣù tó ń bọ̀, káátíríìjì tuntun á wà lórí òkú ẹ́ńjìnnì. Àǹtí ní ṣé ó máa gbé àwọn dé Kérésì, tí ẹyin máa ń tà jù. Mo ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n sì máa wo iná ọ́ìlì. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ làwọn bèèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi dá wọn lóhùn.