Yẹ́lò danfo kì í ṣe èébú

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ pé téèyàn bá ti wọ yẹ́lò, àfi ká máa pè é ní danfo? Ó ti sú mi o. Ìyàwó kan nílé wa ní Ìkòròdú níbí mú léèsì yẹ́lò fún aṣọ ẹbí, èyí tó ń tàn yòò yẹn, kí n tó ṣí grúùpù WhatsApp wò àwọn kan ti ń fi àwòrán danfo ránṣẹ́, ọ̀kan ní "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", òmíràn ní ká fi gèlè dúdú lé e kó lè pé. Mo rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí wọ́n ti kó lọ Lekki wá ní àwọ̀ yẹn ò ní kíláàsì, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí ṣanpéènì góòlù. Àwọ̀ mẹ̀kúnnù ni wọ́n fẹ́ sọ, ẹnu ò kàn gbà á.

Nítòsí Gáréèjì ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà. Ìdájí, wọ́n ti mú iná lọ, ìwọ àti màmá ẹ dúró létí títì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọjà Mile 12, mọ́tò aláwọ̀ mìíràn á kọjá o ò ní mọ̀ àfi tó bá fẹ́ gbá ẹ, ṣùgbọ́n danfo, láti ọ̀ọ́kán lo ti máa rí i pẹ̀lú ìlà dúdú méjì ara ẹ̀, ara màmá ẹ á ti balẹ̀ pé ọjà òní ò ní bọ́.

Ambode tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà sọ ní 2017 pé òun máa kó danfo kúrò nílẹ̀. Ó kúrò nípò ní 2019, danfo wà níbẹ̀ digbí. Bọ́ọ̀sì BRT ìjọba dé Ìkòròdú ní 2015, mo ń wọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo èrò ní ibùdókọ̀ Agric láàárọ̀ Mọ́ńdè kẹ́ ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àwọn dẹ́rẹ́bà ń wa wáńwéè, wọ́n ń búuyàn. Ṣé ọ̀dà ló ń wa mọ́tò ni? Yẹ́lò kan náà ni wọ́n ń yà sórí kánfáàsì tà fún òyìnbó lówó gọbọi, ìyẹn wá ní kíláàsì. Idẹ Ọ̀ṣun tá à ń kì látayébáyé ńkọ́, ṣé àwọ̀ búlúù ni?

Ọkọ mi ka èyí lẹ́yìn mi, ó ní ó dáa, mọ́tò tá a fẹ́ rà yẹn, ká kúkú mú yẹ́lò. Mo ní kò burú. Ìgbà tó yá ni mo rò ó pé èrò á máa dá wa dúró láti Òwùtù títí dé Kétu, àwọn LASTMA tó ń darí ọkọ̀ náà á máa wò wá bákan. Ẹ jẹ́ n ṣì rò ó wò.