Káàdì Kọ́ Ló Ń Mí Lábẹ́ Omi

"Káàdì ta ló dára jù? Ta ló yá jù?" Ẹ tún ti dé! TDI ni, GUE ni, IANTD ni, àwọn àjọ tó ń fún òmùwẹ̀ ní káàdì ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ìmòòkùn jíjìn, ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ ayé! Ẹni tó fẹ́ mòòkùn dé ibi tí kò ti lè yọrí sókè tààrà mọ́, orúkọ ara káàdì ló gbà á lọ́kàn? Ṣé káàdì ló máa bá yín ti fáàfù sílíńdà nígbà tí gáàsì tí ẹ ń mí bá ń tú lẹ́yìn orí yín?

Ẹ béèrè olùkọ́! Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń kó wọ omi lẹ́ẹ̀kan? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ṣì ń mòòkùn jìn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni? Ṣé ó ti sọ fún ẹnìkan rí pé "o ò yege"? Bí gbogbo èèyàn bá ń yege lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sá!

Òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ní àwọn ti mọ pípààrọ̀ gáàsì, láti sílíńdà kan sí òmíràn lábẹ́ omi. Irọ́ ńlá! A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ọ́síjìn pọ́ńbélé kò gbọdọ̀ kọjá mítà 6. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi í sẹ́nu ní mítà 21 dípò Nitrox 50, àdàlù tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, gìrì lè gbé e, kí regulator tó fi ń mí bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó mumi kú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka àkọlé ara sílíńdà, tí a ń fọwọ́ tọ rọ́bà dé ẹnu, tí ẹnìkejì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó mí, léraléra, títí yóò fi mọ́ra. Ẹni tí kò tíì lè dúró sójú kan ní mítà 6, trimix wo, àdàlù gáàsì onífẹ́líọ́mù fún ibi jíjìn, ló ń lé kiri? Ó ti sú wa, jàre!